Bí Mo Ṣe Kí Olóyè Kan ní Clara Town

Mo lè gbàgbé ibi tí mo fi kọ́kọ́rọ́ sí láàárọ̀ yìí, àmọ́ ọ̀sán Sátidé kan ní Clara Town, ní Monrovia, kò kúrò lọ́kàn mi rí. Ogun Làìbéríà ṣẹ̀ṣẹ̀ dáwọ́ dúró díẹ̀ ni. Ìbọn ti dákẹ́, ṣùgbọ́n etí wa ò tíì gbà pé ó dákẹ́. Bí ẹnì kan bá gbá ilẹ̀kùn, odindi ilé á ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ilé ẹ̀kọ́ kékeré tí ṣọ́ọ̀ṣì wa dá sílẹ̀ ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn. Ẹ̀rù ò jẹ́ kí àwọn òbí jọ̀wọ́ ọmọ wọn mọ́, pásítọ̀ sì ti sọ fún mi pé bí àwọn ọmọ ò bá padà wá, ṣe ni a ó ti ilé ẹ̀kọ́ náà pa. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn gan-an, ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Ni mo bá ní ká ṣe eré, ká pe àwọn òbí wá wò ó, kí wọ́n fojú ara wọn rí i pé kò séwu.

Ìtàn àwọn òyìnbó tó kọ́kọ́ fẹsẹ̀ la ilẹ̀ Amẹ́ríkà já ni mo yàn, títí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ àwọn tó nilẹ̀. Èmi ni aṣáájú àwọn arìnrìn-àjò. Mo wọ bàtà òjò, mo dé fìlà tí ìyàwó mi fi ògbólógbòó bùláńkẹ́ẹ̀tì rán, mo sì gbé àpò ìlẹ̀kẹ̀ kan tí a rà ní ọjà Duala kọ́ èjìká, ẹ̀bùn fún olóyè àwọn onílẹ̀. Nínú ooru Monrovia o! Bí ìwé eré ṣe wí, màá dúró ṣánṣán, màá na ọwọ́, màá gbé ìlẹ̀kẹ̀ kalẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe é nígbà ìdánrawò.

Àgbà apẹja kan láti New Kru Town ló ṣe olóyè. Ṣòkòtò péńpé ló wọ̀ wá sí ìdánrawò. Lọ́jọ́ eré, ó ró aṣọ ńlá, irun rẹ̀ funfun báláú, ó jókòó bí ẹni tí wọ́n bí sórí oyè. Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Mo wọlé, mo rí àgbà lórí ilẹ̀ baba rẹ̀, èmi àlejò sì dúró bí igi níwájú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ilé tí ìyá mi kọ́ mi l'Óṣogbo gbà mí lẹ́sẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tí àgbọ̀n mi fi gbá sìmẹ́ńtì tó sì bẹ́.

Àpò já. Ìlẹ̀kẹ̀ fọ́n ká orí sìmẹ́ńtì, ó ń dún tatatata. Gbogbo èrò inú gbọ̀ngàn dojú bolẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bẹ́ǹṣì dojú dé, pásítọ̀ tó máa ń wàásù pé ká má bẹ̀rù ti wà lábẹ́ tábìlì, sójà Nàìjíríà tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ti bẹ́ sí gọ́tà. Nígbà tí mo rí i pé gbogbo ayé ti dùbúlẹ̀, èmi náà gbà pé ìbọn ló dún. Mo fọwọ́ bo orí.

Ohùn ìyàwó mi jáde lábẹ́ bẹ́ǹṣì: “Bàbá Tóyìn, ṣé kì í ṣe pé ẹ dọ̀bálẹ̀ kí bàbá yìí?”

Mo rò ó wò. “Òun ni,” mo dáhùn.

Olóyè mi nìkan ni kò kúrò lórí àga. Ó bi mí pé ta ló yìnbọn. Mo ṣàlàyé pé kò sẹ́ni kankan, pé bí a ṣe ń kí àgbà nílé wa nìyẹn. Ó mi orí.

“Teacher,” ó ní, “your greeting too big o. We just come from war.”

Ó fà mí dìde, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó sì ta ìka mọ́ mi níka bí wọ́n ṣe ń kíra wọn níbẹ̀. Obìnrin kan bú sẹ́rìn-ín nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ni gbogbo ilé bá gbà á. Ó ti pẹ́ tí a ti jọ rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, mo sùn pẹ̀lú ìbànújẹ́, mo mọ̀ pé mo ti fọwọ́ ara mi ti ilé ẹ̀kọ́ náà pa.

Ní Mọ́ńdè, àwọn ìyá ń fa ọmọ wọn lọ́wọ́ bọ̀. Mo bi ọ̀kan pé kí ló dé.

“All of us fall down,” ó ní, “and nobody die.”

Látìgbà náà, bí mo bá dé ìlú onílùú, mo máa ń kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe ń kíra wọn kí n tó bẹ̀rẹ̀. Àpá ọjọ́ yẹn wà lágbọ̀n mi dòní. Bí mo bá ń fá irùngbọ̀n tí mo rí i, ẹ̀rín á pa mí, abẹ á sì tún gé mi níbẹ̀.