Awò Tó Sọ Ẹfọ̀n Di Èèrà

Ẹjọ́ kan wọ ààfin lánàá tòun ti ṣòkòtò yíya. Olórí ọdẹ ló wọ ṣòkòtò náà. Ó fa ọkùnrin kan tó ń ta awò lọ́wọ́, ó sì fi awò olójú méjì kọ́rùn, irú èyí tí ọdẹ fi ń wo ọ̀nà jíjìn.

"Kábíyèsí, aláwò yìí fẹ́ gba oyè lọ́wọ́ mi. Awò tó tà fún mi ni mo fi wo ẹfọ̀n lóko. Ó kéré bí èèrà. Mo ní kí n má fi ọta ṣòfò lórí ohun tí mo lè fọwọ́ mú. Mo gbé ìbọn sílẹ̀, mo lọ bá a."

"O sì bá a?"

"Òun ló bá mi, Kábíyèsí. Ìbọn ṣì wà níbẹ̀. Àwọn ọdẹ sì ti ní bí ẹ ò bá dá awò lẹ́bi, àbúrò mi làwọn máa fi jẹ olórí lọ́la."

Ọba kọjú sí aláwò. "Kí lo rí sọ?"

"Kí adé pẹ́ lórí. Awò mẹ́ta ni mo nù kalẹ̀ fún olórí ọdẹ lórí tábìlì. Wọ́n fi àkọ́kọ́ wo ewúrẹ́ kan lódìkejì títì. Wọ́n fò sẹ́yìn, wọ́n tẹ ẹsẹ̀ mi, wọ́n ní ó ń gbé ẹran sún mọ́ àwọn jù. Ìkejì, bákan náà. Mo bá yí ìkẹta padà, mo ní kí wọ́n máa fi ojú ńlá wò. Ewúrẹ́ jìnnà, ọkàn wọn balẹ̀, wọ́n súre fún mi."

"O mọ̀ pé òdì ni?" Ìjòyè kan bi í.

"Mo mọ̀, bàbá. Ṣùgbọ́n ẹran tó bá jìnnà sí ọdẹ, ṣé ó lè rí ọdẹ ni?"

Àwọn ìjòyè wo ara wọn. Èyí tó ti ń tòògbé nínú wọn ní ọgbọ́n wà níbẹ̀.

"Èmi ò mọ̀ pé awò ṣeé yí padà," ọdẹ ní. "Ẹ bi ìyàwó mi."

Ìyàwó rẹ̀ tó tẹ̀ lé e wá kúnlẹ̀. "Bàbá àwọn ọmọ mi kì í purọ́, Kábíyèsí."

"O ṣeun," ọdẹ ní.

"Tí wọ́n bá ń wo ẹran tèmi nínú àwo nìkan ni wọ́n máa ń fi ojú kékeré wò ó. Á tóbi gbàǹgbà, wọ́n á ní ó ti pọ̀ jù, wọ́n á bù nínú rẹ̀. Bó bá kan tiwọn, wọ́n á yí awò sí ojú ńlá, wọ́n á ní ta ló jẹ ẹran àwọn."

Aláwò ń fi etí aṣọ bo ẹnu.

Ọba tún adé ṣe. "Ìdájọ́ rèé. Ìyàwó, ìwọ ni yóò máa pín ẹran títí ọdún yóò fi yí po. Ojú kékeré ni kí o máa fi wo ti ọkọ rẹ. Ní ti oyè, ẹ̀yin ọkùnrin méjèèjì, ẹ lọ mú ìbọn wá níwájú ẹfọ̀n nísinsìnyí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sá kò lè jẹ olórí ọdẹ."

"Kábíyèsí, awò ni mò ń tà, mi ò ṣọdẹ rí."

"Bí ọdẹ yìí bá sá ṣáájú rẹ, o ti di olórí nìyẹn. Àbúrò rẹ̀ á máa bá ọ gbé àpò."

Aláwò rọra jókòó sílẹ̀. Ọdẹ gbé awò sójú, ó fi ojú ńlá wo ọ̀nà oko.

"Ọ̀nà yìí jìn, Kábíyèsí. Ká tó débẹ̀, ilẹ̀ á ti ṣú."

Ìyàwó rẹ̀ dìde, ó yí awò náà padà lójú rẹ̀.

"Ẹ wò ó báyìí, bàbá àwọn ọmọ mi. Ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀."