Onípáìpù Pe Olùdarí Fíìmù Lẹ́jọ́ Nítorí Orin Ọ̀la

Ẹjọ́ kan wọ ààfin lánàá tó jẹ́ pé, ká ní ẹlòmíì ló ròyìn rẹ̀ fún mi, ǹ bá ní kó lọ sinmi. Àwọn géńdé méjì ń jà lórí orin tí wọn ò tíì bí àwọn tó máa gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n mo jókòó síbẹ̀, etí mi méjèèjì ni mo fi gbọ́ ọ.

Ẹni tó pẹjọ́ ń ṣe orin fún fíìmù. Onípáìpù làwọn aládùúgbò ń pè é, torí páìpù omi ló fi ń ṣe ohun èlò orin. Ẹni tó pè lẹ́jọ́ ni olùdarí fíìmù, tó wọ awò dúdú wọnú ilé. Kábíyèsí ní kó yọ ọ́, kó lè rí ẹni tó ń bá a wí. Ó yọ ọ́.

"Kábíyèsí, kádé pẹ́ lórí," Onípáìpù bẹ̀rẹ̀. "Ọkùnrin yìí ló wá bá mi nílé. Ó ní òun ń ṣe fíìmù nípa ọ̀ọ́dúnrún ọdún sí àsìkò yìí, nípa àwọn èèyàn tó ń gbé inú ọkọ̀ lójú òfuurufú. Ó ní kí n ṣe orin tí etí kankan ò gbọ́ rí."

"O ṣe é?"

"Oṣù mẹ́jọ gbáko. Ilé ìwẹ̀ wa ni mo ti ṣe é, torí ibẹ̀ ló ti ń dún dáadáa. Mo fi páìpù ṣe é, mo fi apá fáànù ṣe é, mo tú ilẹ̀kùn fíríìjì. Ilé bàbá ìyàwó mi nìyàwó mi ti ń lọ wẹ̀."

"Ọmọ wa ní sùúrù o," Ọ̀tún sọ.

"Ọjọ́ tí fíìmù jáde, mo kó àwọn àna mi lọ sílé sinimá. Mo ní, 'Ẹ fetí sílẹ̀, orin mi ń bọ̀.' Ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣí, orin bẹ̀rẹ̀. Kábíyèsí, orin tó gbòde báyìí ni, èyí tó wà lórí fóònù bàbá ìyàwó mi. Bàbá rò pé wọ́n ń pe òun ni. Wọ́n dìde, wọ́n jáde lọ dáhùn."

Àwọn ìjòyè rẹ́rìn-ín. Onípáìpù ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀.

"Láti ọjọ́ náà, wọ́n ní òpùrọ́ ni mí. Wọ́n ní bóyá ṣe ni mo kàn ń wẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ. Wọ́n ti mú ìyàwó mi dúró sọ́dọ̀, wọn ò jẹ́ kó padà wálé. Orúkọ mi ni mo wá gbà padà."

Bàbá ìyàwó náà jókòó lọ́wọ́ ẹ̀yìn, ó ká apá mọ́ àyà. Kábíyèsí kọjú sí olùdarí.

"Kí lo rí sọ?"

"Kábíyèsí, orin tó dáa kì í kú. Mo wo ọjọ́ iwájú, mo sì rí i pé orin yìí ni wọ́n á ṣì máa jó."

"Kí lo tún rí níbẹ̀?"

"Oúnjẹ ti di hóró oògùn. Kò sẹ́ni tó mọ bàtà mọ́. Orí gbogbo wọn ń dán, wọn ò nírun."

"Wọ́n gbàgbé bàtà, wọ́n sọ irun nù, wọ́n wá di orin tòní mú."

"Iṣẹ́ Ọlọ́run ni, Kábíyèsí."

Ẹnu ya àwa tó jókòó. A ò mọ̀ pé Ọlọ́run wà lára àwọn tó ṣe fíìmù náà.

"Ó dáa," Kábíyèsí ní. "Kọ orin kan fún mi tí wọ́n ń jó ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún sẹ́yìn."

Olùdarí wo àjà, ó wo ilẹ̀. "Àwọn yẹn ò ní fóònù, Kábíyèsí."

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí, ọkùnrin tó gé fíìmù náà tó sì tò ó pọ̀.

"Èmi ni mo fi orin náà síbẹ̀," ó ní. "Bá a ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Tí orin gidi ò bá tíì dé, a máa ń fi òmíì dí àyè rẹ̀ ná, ká lè mọ ibi tá a máa gé. Èyí ló wà lórí kọ̀ǹpútà mi."

"Àlejò tẹ́ ẹ ní kó jókòó díẹ̀," Ọ̀tún dá sí i, "ló wá gba kọ́kọ́rọ́ ilé."

"Bó ṣe rí nìyẹn, bàbá. Ojoojúmọ́ la ń gbọ́ ọ, fún oṣù mẹ́jọ. Nígbà tí ti Onípáìpù fi máa dé, orin yẹn ti mọ́ wa létí. Olùdarí gbọ́ tiẹ̀ díẹ̀, ó ní èyí ò jọ ti ọjọ́ iwájú."

"Kọ̀ǹpútà lo wò nígbà náà," Kábíyèsí sọ fún olùdarí, "o ò wo ọjọ́ iwájú."

"Kábíyèsí, òṣèré mi ló fẹ́ orin náà. Ẹ bi í."

Obìnrin tó ṣe ọ̀gá ọkọ̀ nínú fíìmù dìde. "Èmi kẹ̀? Kò sórin kankan níbi tá a ti ń yà á. Inú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni mo ti jó. Olùdarí kàn ń kọ orin yẹn lẹ́nu látàárọ̀ dalẹ́ ni."

"O ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kò sórin."

"Tí olùdarí bá ń kọrin, Kábíyèsí, kò sẹ́ni tó ń pè é lórin."

Kábíyèsí ní kí wọ́n jẹ́ ká gbọ́ orin Onípáìpù. Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kalẹ̀, ó tàn án. Páìpù kan sunkún. Apá fáànù dá a lóhùn. Lẹ́yìn náà ni nǹkan kan, tí mo rò pé ilẹ̀kùn fíríìjì ni, bẹ̀rẹ̀ sí í mí.

Ọ̀tún di etí, ó fajú ro, ó dìde lórí ìjókòó. "Ta ló ń jìyà nínú èyí?"

"Èyí kì í ṣorin rárá," ìjòyè kejì sọ.

Onípáìpù tẹ orí ba. Àánú rẹ̀ ṣe mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé etí ń dun èmi náà. Olùdarí ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ti ń wá awò rẹ̀ nínú àpò.

"Ọ̀tún," Kábíyèsí ní, "mo mọ ojú tó o fà ro yẹn. Ojú tí bàbá mi fà ro nìyẹn, lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ orin tí èmi àtìwọ ń jó ní kékeré. Àwọn náà bèèrè ẹni tó ń jìyà. Orin tí àgbà bá gbọ́ tó mi ẹsẹ̀ sí, ti òní ni, tàbí ti àná. Èyí tó lé àgbà kúrò lórí ìjókòó bí èyí, ti ọ̀la ni. Mi ò nílò ẹ̀rí míì."

Ó dájọ́. Orin Onípáìpù ni kó wọnú fíìmù náà, kí orúkọ rẹ̀ hàn gàgàrà lójú sinimá. Olùdarí á lọ sílé bàbá ìyàwó, á fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọkọ ọmọ wọn ò purọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, òun àti bàbá á jọ jókòó, wọ́n á gbọ́ orin náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Wákàtí mẹ́ta ni.

Bàbá ìyàwó dìde, ó dọ̀bálẹ̀. "Kábíyèsí, mo gbà pé ọkọ ọmọ mi ò purọ́. Kó máa bọ̀ wá mú ìyàwó rẹ̀ lónìí, mo fọwọ́ sí i. Ṣé dandan ni kí n gbọ́ èyí tó kù?"

"Dandan ni," Kábíyèsí dáhùn, ó sì dìde wọlé kíákíá, kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ náà padà.