Agbọ́n Di Àwátì

"Màmi, tí agbọ́n yìí bá sín, ta ló máa kí i ní pẹ̀lẹ́?"

Àbígbẹ̀yìn ilé ló béèrè, ọmọbìnrin kékeré tí wọ́n ń pè ní Ẹnu-Kì-í-Sinmi. Màmi gbójú kúrò lára awò amúnǹkantóbi. Kò mọ̀ ọ́n. Bàbá kò mọ̀ ọ́n. Ìyá àgbà, tó máa ń mọ gbogbo nǹkan, ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ rò ó ná.

Agbọ́n tí à ń sọ yìí, ẹ má rò pé èyí tó ń lé ènìyàn wọgbó ni. Rárá o! Ẹ fi ẹnu bírò kan bébà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àmì tó bá yọ yẹn, agbọ́n yìí kò tó o. Síbẹ̀, ó ní ìyẹ́ mẹ́rin, ó ní ẹsẹ̀ mẹ́fà, ìbàdí rẹ̀ tín-ín-rín bí òwú, ìwà rẹ̀ kò sì dáa: inú ẹyin kòkòrò mìíràn ló ń yé ẹyin tirẹ̀ sí, ọmọ rẹ̀ á sì jẹ onílé tán pátápátá kó tó jáde.

"Irú àlejò wo nìyẹn?" ni Ìyá àgbà wí. "Kò lójútì rárá!"

Ọjọ́ mẹ́ta ni Ìyá àgbà ní òun fẹ́ lò lọ́dọ̀ ọmọ òun. Ó ti di ọdún kan àbọ̀.

Bàbá wúkọ́. Màmi yára padà sídìí awò.

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń kó oríṣiríṣi kòkòrò pamọ́ sínú àpótí ni Màmi ti ń ṣiṣẹ́. Kò sẹ́ni tó tíì rí irú agbọ́n yìí rí, ẹyọ kan náà sì nìyí. Ọ̀gá rẹ̀ ní kó kọ bó ṣe rí sílẹ̀ láti orí dé ìdí, kó gbé agbọ́n àti àkọsílẹ̀ wá láàárọ̀ ọ̀la. Bí agbọ́n bá sọnù, àkọsílẹ̀ di àlọ́ nìyẹn. Ta ló máa gbà á gbọ́?

Ó ti fi gọ́ọ̀mù bíńtín lẹ̀ ẹ́ mọ́ ṣóńṣó káàdì funfun kan. Ó ti pàṣẹ: ẹ má tan fáànù, ẹ má sáré, ẹ má rẹ́rìn-ín kèékèé. Ìyá àgbà tilẹ̀ ti ń fọwọ́ bo imú mí.

"Àwọ̀ rẹ̀ ńkọ́?" ni Bàbá bi í. Òun ló ń bá a kọ ọ́ sílẹ̀.

"Pupa rẹ́súrẹ́sú."

"Ẹ jẹ́ kí n rí i," ni Ìyá àgbà wí, ó fi ojú kan sí awò. "Hẹn-ẹ́n! Ó dúdú. Ó tóbi. Irun rẹ̀ gùn gbọọrọ gbọọrọ."

"Màmá, ìpéǹpéjú yín nìyẹn."

Onígbàjámọ̀ ni Bàbá. Irunmú kan wà lókè ètè rẹ̀ tó nípọn bí ìgbálẹ̀ tuntun, tó sì ká sókè lọ́tùn-ún lósì bí ìwo àgbò. Irunmú yìí ni sáínbọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ṣùgbọ́n irun orí àwọn oníbàárà kì í tán lọ́rùn ẹ̀wù rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ló sì fò wọ̀ ọ́ nímú.

"Há..."

"Dádì, rárá o!"

"Hááá..."

"Ẹ di imú yín mú! Mo fi ọmọ bẹ̀ yín!"

"HÀ-À-ÀṢÍÍÌÌN!"

Bébà fò. Ife dojú dé. Káàdì ta òkìtì lófurufú, ó balẹ̀ pẹ̀lẹ́bẹ́ sórí tábìlì. Màmi bojú wò ó.

Funfun báláú. Kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀.

"Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mira!"

Gbogbo ilé gan bí igi. Ìyá àgbà, tó ti fẹ́ dìde, dúró sí ìlàjì, ó wá dà bí adìyẹ tó fẹ́ sàba.

"Ìyàwó mi, ṣé kí n dìde ni, àbí kí n jókòó?"

"Ẹ má ṣe ìkankan, Màmá."

"Orúnkún mi ti ń sọ̀rọ̀ o."

Gbogbo ohun bíńtín tó wà nítòsí ni wọ́n kó wá sábẹ́ awò. Èérún búrẹ́dì tó jóná. Orí èèrà. Ewé tíì.

"Mo ti rí i!" Ìyá àgbà figbe ta. "Ẹ wò ó lọ́rùn ọmọ mi!" Ó fi èékánná ha á wàràwàrà.

"Yéè! Màmá! Àmì ara mi ni! Ẹ̀yin lẹ bí i mọ́ mi!"

"Àṣé ó ti tó báyìí?"

Omi lé ròrò sójú Màmi. Ẹnu-Kì-í-Sinmi rọra fà á láṣọ. "Màmi, ẹ má sunkún. Omi ojú yín á gbé e lọ."

Màmi fa omi ojú padà.

"Dádì," lọmọ náà tún wí, "kí ló wà nínú irun ẹnu yín yẹn?"

Kí Bàbá tó dáhùn, ìyàwó rẹ̀ ti fà á lórí, ó ti tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mọ́ abẹ́ awò bí ẹni fẹ́ lọ aṣọ. Ó wò ó. Òwú aṣọ. Èérún bísíkíìtì. Lẹ́yìn náà, ìyẹ́ mẹ́rin, ìbàdí tín-ín-rín...

Òun ni!

"Ẹ má mí!"

"Mi ò..."

"Ẹ má sọ̀rọ̀!"

"Há..."

Wọ́n wo ara wọn lójú.

"Hááá..."

Kò sí àyè fún pé à ń wá búrọ́ọ̀ṣì. Màmi ki ọwọ́ bọ àpò iṣẹ́ ọkọ rẹ̀, ó fa sísọ́ọ̀sì yọ.

Ṣááá!

"HÀṢÍÍÌÌN!"

Sísín náà ti pẹ́ jù. Ìdajì irunmú ti wà lọ́wọ́ Màmi, agbọ́n sì há sínú rẹ̀ ṣìnkún.

Ìyá àgbà jókòó gbì. "Ẹ̀rín ń pa mí o! Ọmọ mi, apá kan ẹ ti di bàbá, apá kejì ṣì ń mu ọmú!"

Bàbá lọ wo dígí. Igbe rẹ̀ dé òpópónà. "Ta ló máa jẹ́ kí n gẹrun fóun mọ́?"

"Á tún hù, olówó orí mi," ni Màmi ń bẹ̀ ẹ́. "Ìyókù ṣì rẹwà."

"Ìyókù yìí? Àfi kí n kú ná kẹ́nikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án!"

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó, ó lọ dùbúlẹ̀.

Màmi mú káàdì láti tún lẹ agbọ́n mọ́ ọn. Ó yí i padà.

Agbọ́n wà níbẹ̀.

Gọ́ọ̀mù kò yẹ̀. Ìyẹ́ kan kò ṣẹ́. Ẹ̀yìn káàdì ni òun ti ń wò látìgbà yẹn! Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti inú irun. Ìyẹ́ mẹ́rin, ìyẹ́ mẹ́rin. Ìbàdí, ìbàdí. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Méjì!

Níbi tí méjì bá sì wà, ẹ̀kẹta lè wà ńbẹ̀...

Màmi rọra yíjú sí ẹnu ọ̀nà yàrá.

Ẹnu-Kì-í-Sinmi ti sùn, ìbéèrè kan há sí i lẹ́nu. Ìyá àgbà ti ń fọn bí fèrè. Bàbá nìkan ló kù. Ó ń tòògbé, ó ń ta jí, ó ń tẹ ọwọ́ mọ́ ìyókù irunmú. Nígbà tó yá, ó mí kanlẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ yọ̀ kúrò, ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, gbì.

Gbogbo ilé sùn wàyí.

Màmi bọ́ bàtà, ó mú sísọ́ọ̀sì.