Kíndìnrín Tí Mo Há Sórí

Ọjọ́ kan wà ní Libreville, ní Gabon, tí kò ní tán lọ́kàn mi, bí mo tilẹ̀ dàgbà débi tí mi ò rántí orúkọ ara mi mọ́. Ọjọ́ náà ni mo bú olùkọ́ mi lójú gbogbo kíláàsì, tí mi ò sì mọ̀ pé mo bú u.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti wá bá àbúrò bàbá mi, Alàájì, tó ń ta sípéà páátì ní àdúgbò Avéa. Mo wọ yunifásítì láti kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ara èèyàn, bẹ́ẹ̀ Faransé tí mo gbọ́ kò ju èyí tí èèyàn fi ń ra búrẹ́dì lọ. Lọ́dún àkọ́kọ́, mo fìdí rẹmi nínú ẹ̀kọ́ kan. Alàájì ò pariwo mọ́ mi. Ó kàn ní, "Ọmọ mi, tó o bá tún já a, wọ́n á yọ orúkọ rẹ kúrò, wọn ò sì ní fún ẹ ní carte de séjour, ìwé ìgbélùú, mọ́. Mo ti bá bàbá ẹ sọ ọ́. Ilé lo máa lọ." Mo ní, "Ẹ ṣé, sà," ṣùgbọ́n nínú ọkàn mi mo ní àgbẹdọ̀! Mi ò lọ síbì kankan.

Bí mo ṣe wọ ẹgbẹ́ ìkẹ́kọ̀ọ́ àwọn àjèjì nìyẹn. A ò ju mẹ́ta lọ: èmi, Rosalí, ọmọ Nàgó láti Pọ̀bẹ̀ ní Benin, àti Mahamat, ọmọ Chad tó ga bí òpó iná. Gbogbo ọjọ́ Sátidé la máa ń pàdé ní yàrá Rosalí ní Sotega. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ní orí tirẹ̀ nínú ìwé, tó máa fi kọ́ àwọn yòókù. Èmi ni mo ni kíndìnrín. Kì í sì í ṣe eré, torí pé lópin sáà, olùkọ́ wa nínú ẹ̀kọ́ tí mo já yẹn, tí a ń pè ní madame, á pe ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kó wá kọ́ kíláàsì. Máàkì tí ẹni yẹn bá gbà, òun ni gbogbo ẹgbẹ́ gbà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ ilé kéú, ẹ óò mọ ohun tó ṣe mí. Níbẹ̀, ohun tí wọ́n bá kọ sí wàláà rẹ, látorí lo máa kà á. Bó o bá fo ọ̀rọ̀ kan, ó di kó o padà síbẹ̀rẹ̀. Mo yá ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ti yege nínú ẹ̀kọ́ madame kọ nípa kíndìnrín, mo ṣe ẹ̀dà rẹ̀, mo sì há gbogbo ojú ewé mẹ́sàn-án sórí láì ṣẹ́ ọ̀rọ̀ kan kù. Bóyá ó yé mi? Ìyẹn ò sí lára àdéhùn.

Sátidé tí mo kọ́kọ́ kà á fún wọn, Mahamat ń mi orí ṣáá. Rosalí nìkan ló dá mi dúró.

"Attends, attends! Kí ló dé tí omi yẹn tún fi padà sínú ẹ̀jẹ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín bí ọ̀mọ̀wé, mo sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé kìíní.

"Ìbéèrè mi kọ́ nìyẹn o."

"Fara balẹ̀, ó ń bọ̀ níwájú."

"Ṣé ohun tó ò ń wí yìí yé ìwọ alára?"

"Ó yé mi ju bó ṣe yẹ lọ!" Irọ́ gbuu. Oṣù méjì la fi pàdé, mi ò béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo. Ojú ń tì mí kí wọ́n má lọ mọ̀ pé òpè ni mí.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Nínú takisí, mo ń kà á lábẹ́ ètè, kíndìnrín báyìí, ìtọ̀ báyìí. Awakọ̀ wò mí nínú dígí, ó ní, "Ma sœur, má bẹ̀rù, ìyá mi mọ ewé tó ń wò ó." Gbogbo èrò ọkọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi pẹ̀lẹ́. Mi ò lè dá wọn lóhùn, kí n má baà gbàgbé ibi tí mo dé, ni mo bá ń mi orí bí aláìsàn gidi. Ìyá tó jókòó tì mí fọwọ́ pa mí lẹ́yìn títí mo fi sọ̀kalẹ̀.

Nínú ẹgbẹ́ wa, èmi ni madame pè. Ojú ewé kìíní ń já geere. Lójú ewé kejì, ẹnì kan tó pẹ́ dé ṣílẹ̀kùn, ó kí wa, ọ̀rọ̀ sì bọ́ lórí mi. Mo padà síbẹ̀rẹ̀. Mo dé ojú ewé kẹta, fóònù ẹnì kan dún. Mo tún padà. Wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Mo nawọ́ sí ara ògiri, mo ní, "Ẹ wo àwòrán ìsàlẹ̀ yìí!" Kò sí àwòrán kankan níbẹ̀, inú ìwé ló wà.

Ojú ewé karùn-ún ló wá tú mi fó. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ni ìwé yẹn ti fi bírò kọ nǹkan sí etí ojú ewé náà. Èmi ò mọ̀, mo ti há a mọ́ ọn. Mo gbé ohùn sókè, mo sọ ọ́ lédè Faransé tó dán mọ́rán: "Ibí yìí, madame fúnra rẹ̀ ò mọ ohun tó ń sọ. Fò ó, kì í jáde nínú ìdánwò."

Kíláàsì pa lọ́lọ́. Mo rò pé wọn ò gbọ́. Mo tún un sọ.

Ẹ̀rín tó bú jáde, ẹ ò bá gbọ́ ọ ní Angondjé, ní ìpẹ̀kun ìlú. Rosalí fi ìwé bojú. Madame bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Mademoiselle, lọ jókòó."

Ìgbà náà ni mo mọ ohun tí mo sọ. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ṣùgbọ́n bí mo bá jókòó, òdo ni fún àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Ògbómọ̀ṣọ́ sì ni tèmi. Mi ò jókòó.

"Madame, ẹ dákun, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Mi ò ní ka ìwé mọ́, màá ṣàlàyé."

Ìbéèrè Rosalí ló gbà mí. Láti ọjọ́ tó ti bi mí ni kò ti jẹ́ kí n gbádùn, mo sì ti wá ìdáhùn rẹ̀ rí ní kọ̀rọ̀. Mo gbé báàgì mi, mo dojú rẹ̀ dé sórí tábìlì madame. Kọ́kọ́rọ́ jáde, òòyà, tẹ̀súbáà, ìbọ̀sẹ̀ ẹyọ kan, ọ̀rá bisikíìtì, ààbọ̀ bâton de manioc, ẹ̀gẹ́ inú ewé tí mo ti gé jẹ, àti ẹja gbígbẹ tí mo fi ń jẹ ẹ́. Òórùn ẹja gba yàrá kan. Mo fi Faransé tèmi tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ ṣàlàyé: "Kíndìnrín kì í wá ìdọ̀tí kiri. Á kọ́kọ́ da ohun púpọ̀ síta, tó dára tí kò dára. Lẹ́yìn náà á wá ṣa èyí tí ara nílò padà, omi, iyọ̀, ṣúgà." Mo kó kọ́kọ́rọ́, òòyà àti tẹ̀súbáà padà. "Èyí tó kù lórí tábìlì, òun ni ìtọ̀."

Madame wo ẹja náà. "Bí kò bá lè dà á nù mọ́ ńkọ́?"

"Gbogbo ìdọ̀tí á kù sínú ara, madame. Ara á wú, àìsàn á dé."

Ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. "Mọ́kànlá nínú ogún. Mẹ́sàn-án tó kù, ẹnu rẹ ló jẹ ẹ́." Mẹ́wàá là ń wá láti yege! Díẹ̀ ló kù kí n dì mọ́ ọn.

Níta, Rosalí ò rẹ́rìn-ín rárá. "Oṣù méjì! Kí ló dé tó ò fi sọ pé kò yé ẹ?" Mahamat ló wá fọwọ́ họ orí, tó ní báàgì yẹn ló jẹ́ kí kíndìnrín yé òun. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń kà á, orí lásán lòun ń mì, torí ó ń ṣe òun bíi pé èmi ti mọ̀ ọ́n tán.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo gbé ìtìjú tì, mo béèrè ìbéèrè mi àkọ́kọ́: "Ẹ jọ̀ọ́, họ́mọ̀ònù tí a ń pè kiri yìí, kí ni gan-an?" Mahamat wo Rosalí. Rosalí, ọ̀gá ìbéèrè, wo Mahamat. Ẹ̀rín pa wá débi pé onílé wá kanlẹ̀kùn. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Àwa mẹ́ta ti jọ sọnù fún oṣù méjì gbáko, a sì ń mi orí síra wa.