Igun Jẹ́nẹ́rà Tillotson

Títí di òní, ìbéèrè kan wà tí Marlys Haugen kò rí ìdáhùn sí: nínú gbogbo àwọn tó fẹ́ fi Jẹ́nẹ́rà Tillotson jẹ ààrẹ, ta ló yẹ kó kọ́kọ́ bi í bóyá ó fẹ́?

Verlyn ọkọ rẹ̀ ló ní kò pọn dandan. Ẹnu Verlyn fẹ̀ ju oko àgbàdo rẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ gbogbo ìpínlẹ̀ Iowa mọ̀ pé oko náà kì í ṣe kékeré. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Verlyn ò dákẹ́ rí, tara ẹlòmíràn ló máa ń bá a pariwo. Ilé ìdáná ló ti ṣiṣẹ́ ológun, ṣùgbọ́n tó bá ti jókòó sílé kọfí, ẹ ó rò pé òun ló ń di Jẹ́nẹ́rà lọ́wọ́ mú lójú ogun.

"Èmi àti Royce Tillotson? Àwo kan náà la fi ń jẹun."

"Ta ló ń fọ àwo?" ni Duane oníkọfí bi í.

Verlyn na ife rẹ̀ sí i fún kọfí.

Jẹ́nẹ́rà ti fẹ̀yìn tì, ó kó wá sẹ́bàá adágún omi ìlú wọn, kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Verlyn ní àmì nìyẹn: "Ẹni tó fẹ́ jẹ ààrẹ kì í sọ. Ó ń retí kí a bẹ òun ni." Kò pẹ́, pátákó ìpolongo Jẹ́nẹ́rà hù níwájú ilé gbogbo bí olú. Ẹṣin ẹnì kan tilẹ̀ ń dé fìlà tí wọ́n kọ orúkọ Jẹ́nẹ́rà sí.

Marlys bẹ àwọn obìnrin ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi ẹni tí wọ́n ti yàn sílẹ̀ nítorí Jẹ́nẹ́rà.

"Ṣé ó dá ọ lójú?" ni Bernadine bi í.

"Ọkọ mi mọ̀ ọ́n."

Bí Jẹ́nẹ́rà bá jábọ́, Marlys ò mọ ojú tí òun máa fi bá wọn kọrin mọ́.

Ọjọ́ ìdìbò láti yan olùdíje ẹgbẹ́ òṣèlú wọn pé. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń dìbò níbẹ̀: igun gbọ̀ngàn ilé ìwé tí o bá dúró sí, olùdíje tó ni igun náà lò ń dìbò fún nìyẹn, níṣojú aládùúgbò rẹ. Igun Jẹ́nẹ́rà kún fọ́fọ́. Ni Jẹ́nẹ́rà alára bá wọlé, torí aráàlú lòun náà.

Verlyn kan sàlúútù. "Ọ̀gá, èmi rè é. Igun yín nìyí, sà."

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ta ni yín?"

"Verlyn ni, sà. Ilé ìdáná."

Jẹ́nẹ́rà wò ó láti òkè délẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ se ẹ̀wà yẹn."

Ó fọwọ́ bo ikùn, ó kọjá, ó lọ sí igun òdìkejì, tí í ṣe ti gómìnà kan tó ń díje, tí ẹnikẹ́ni ò lè pe orúkọ rẹ̀ tán.

"Ó ń dán wa wò ni," ni Verlyn wí.

"Ṣebí Jẹ́nẹ́rà la fẹ́?" ni Duane wí. "Ibi tó bá wà la ó wà."

Ló bá lọ. Àwọn akọrin tẹ̀lé e. Alága ìpàdé súnmọ́ Verlyn: "Igun tí èrò rẹ̀ ò bá tó iye tó yẹ, ẹ ní láti tú u ká. Òfin ni, ọ̀rẹ́."

"Ológun kì í sá."

"Ọkọ mi," ni Marlys wí, "ọ̀gágun ti sá."

Ó sọdá lọ bá àwọn akọrin rẹ̀. Bernadine sún fún un. "Wá síbí. Ọkọ ẹ ló purọ́, ohùn ẹ ò purọ́."

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́; Verlyn wà lọ́jà, orí tirẹ̀ gan-an ló wọ́. Gómìnà gba ìlú náà mọ́ gbogbo wọn lọ́wọ́, àwọn oníròyìn sì ń ṣàlàyé ọgbọ́n tó fi gbà á títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ó pẹ́ púpọ̀ kí Jẹ́nẹ́rà tó sọ fún Marlys pé òun ò mọ igun ẹni tó jẹ́. Orúnkún ló ń dùn ún, ibẹ̀ nìkan ló sì rí àga.