Kìnnìún Inú Bónẹ́ẹ̀tì Olóyè Fágbénró

Ẹni tí Ọlọ́run bá fún ní ẹnu ńlá, kí ó má tún ra hóònù ńlá mọ́ ọn. Olóyè Fágbénró, oníṣòwò gẹdú ní Ìlárò, ní méjèèjì.

"Ẹkùn Títì! Afẹ́fẹ́ Yewa! A-fi-hóònù-jí-àkùkọ!" Ẹni tó bá ń wá ẹni tó fi oríkì wọ̀nyí jíǹkí rẹ̀ kó má wá a jìnnà. Òun fúnra rẹ̀ ni.

Ọkọ̀ eré àtijọ́ kan ló rà láti Kútọnu, oníjòkòó méjì péré, pupa bí ata rodo. Ó fúyẹ́ débi pé bí ewúrẹ́ bá fara ha á, yóò yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọkọ̀ náà kò burú. Ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀ ni kò ju oníkáàmù kan lọ. Káàmù ni irin gbọọrọ tó ń ṣí ihò imú fún ẹ́ńjìnnì tó sì ń pa á dé. Àwọn ọkọ̀ tí wọ́n fi ń sáré ìje láyé ijọ́un máa ń ní méjì lórí, wọn a sì máa ké bí ẹni tí agbọ́n ta.

Olóyè fẹ́ méjì. Kì í ṣe torí eré o. Ẹgbẹ́ Ọlọ́kọ̀ Eré Yewa, tí wọ́n ní ọkọ̀ márùn-ún tí mẹ́ta nínú rẹ̀ ń rìn, fẹ́ yan alága ní Ọjà-Ọ̀dàn. Wọ́n ti fẹnu kò pé ẹni tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá lágbára jù ni yóò jókòó lórí àga. Ẹ̀rí ẹnu ọlọ́kọ̀ kò sì tó. Mẹkáníìkì rẹ̀ ni yóò gbé ọwọ́ lé bónẹ́ẹ̀tì níwájú gbogbo ènìyàn, tí yóò jẹ́rìí sí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Mẹkáníìkì Olóyè ni Ìbídàpọ̀, ọmọ Ìdógò, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Bí Ìbídàpọ̀ bá ní búréèkì ti tán, ó ti tán náà nìyẹn. Ọdún mẹ́sàn-án ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti wà lórí ilẹ̀ Olóyè.

"Bàbá, a lè ṣe é," ló wí, "ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì nìkan kọ́. A ó pààrọ̀ jíà, a ó pààrọ̀ búréèkì, a ó fi irin ti abẹ́ ọkọ̀. Bí a bá kó agbára ẹṣin sára ewúrẹ́, ewúrẹ́ á kú, ẹni tó gùn ún á tẹ̀lé e."

"Èló?"

Ìbídàpọ̀ sọ iye rẹ̀. Olóyè wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ìdérí rẹ̀ nìkan ńkọ́?"

"Ìdérí kí ni, Bàbá?"

"Ìdérí ẹ́ńjìnnì oníkáàmù méjì! Èyí tó ní iké méjì lórí. Dàpọ̀, bí ìdérí bá ń dán, ta ló ń yọjú wo inú ìkòkò?"

Wẹ́dà kan lọ́nà Ihunbo ló bá a de ìdérí náà mọ́ orí ẹ́ńjìnnì àtijọ́. Kò bá a mu, ó ń mì jìgìjìgì. Olóyè rún òfìfo àpò gàrí méjì sínú àlàfo rẹ̀, ó sì kùn ún ní àwọ̀ wúrà. Ó wá sọ ọ́ lórúkọ: Kìnnìún Inú Bónẹ́ẹ̀tì.

"Lọ́jọ́ Sátidé, wàá gbé ọwọ́ lé e, wàá ní oníkáàmù méjì ni."

"Bàbá, irọ́ nìyẹn."

"Irọ́ kọ́, ìgbàgbọ́ ni! Ṣé ìwọ kọ́ lò ń kọ́ àwọn ọmọdé pé kí wọ́n gba ohun tí wọn ò rí gbọ́?" Ó gbójú sókè wo páànù ṣọ́ọ̀bù náà. "Ilẹ̀ yìí mà dára o. Ẹnìkan láti Ayétòrò fẹ́ fi ṣe ilé ìfọṣọ."

Ìbídàpọ̀ gbàdúrà fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó ní kí Ọlọ́run mú ọ̀kan fún òun: kí òun parọ́ kí òun ní ṣọ́ọ̀bù, tàbí kí òun sòótọ́ kí òun máa gbé sípánà kiri bí ẹni tó ń ta ẹ̀kọ. Ọlọ́run kò sọ nǹkan kan. Ẹ̀kọ́ tó kàn tí yóò kọ́ àwọn ọmọdé lọ́sẹ̀ náà dá lórí bí Ọlọ́run ṣe ń dáhùn àdúrà. Ìbídàpọ̀ fò ó kọjá.

Nígbà tó di Sátidé, ọkọ̀ mẹ́ta tò lẹ́yìn ara wọn, ti Olóyè ló ṣíwájú, Ìbídàpọ̀ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ ọjà ni. Kí wọ́n tó wọ Ọjà-Ọ̀dàn, àwọn aṣọ́bodè ti na okùn sójú ọ̀nà. Ọ̀gá wọn, obìnrin kan tó ń jẹ́ Toheebat, wo ìwé ọkọ̀, ó wo Olóyè, ó ní kí wọ́n sọ okùn sílẹ̀.

"Ẹ máa lọ, Bàbá."

Wọ́n ní kí èèyàn máa lọ, ó lóun ò lọ! Olóyè pa ọkọ̀.

"Ọmọ mi, ṣé o ò ní wo ẹ́ńjìnnì mi ni?"

"Bàbá, mo ní kí ẹ máa lọ."

Ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́kadà ti ń wò, ojú èrò sì ni oúnjẹ Olóyè. Ó ṣí bónẹ́ẹ̀tì gbayawu.

"Kìnnìún Inú Bónẹ́ẹ̀tì rèé! Oníkáàmù méjì! Ẹ́ńjìnnì ìje! Mótọ̀ dù kúùsì, bí àwọn ará Kútọnu ṣe ń pè é! Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló gba ẹnubodè wọlé!"

Toheebat ti ki bíírò bọ àpò. Ó tún un yọ.

"Ọ̀sẹ̀ tó kọjá?"

"Ọ̀sẹ̀ tó kọjá gan-an!"

"Ìwé owó ẹnubodè rẹ̀ dà?"

Olóyè nàka sí ìwé ọkọ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìwé tí ẹ fún mi, ti ẹ́ńjìnnì tó bá ọkọ̀ yìí wọlé lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn ni. Bí ẹ bá ti pààrọ̀ rẹ̀, tuntun yìí ní ìwé tirẹ̀. Bí kò bá sí ìwé, ọkọ̀ á sùn lọ́dọ̀ wa."

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti sọ̀kalẹ̀. Ọláoyè, ọ̀kan nínú wọn, olùkọ́ ní pólì, ní, "Alága wa tó ń bọ̀, ẹ fún wọn níwèé, ká máa lọ."

Olóyè rọra tẹ̀ síwájú. "Ọmọ mi, ìdérí lásán ni."

"Mi ò gbọ́, Bàbá."

"Ìdérí ni!"

"Gbogbo ẹni tá a bá mú ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Ta ni ẹlẹ́rìí yín?"

Olóyè gbá Ìbídàpọ̀ lápá mú. "Dàpọ̀! Sọ òótọ́ fún wọn! Ẹ̀yin èèyàn, ọmọ yìí kì í parọ́! Ẹ bi gbogbo Ìlárò! Ọdún mẹ́sàn-án ló ti wà lórí ilẹ̀ mi, n ò sì ní jẹ́ kó kúrò níbẹ̀ láéláé!"

Ìbídàpọ̀ wò ó. Ó ti retí pé kí ọ̀run là. Obìnrin tó mú bíírò lọ́wọ́ ló rí. Kò lè búra pé Ọlọ́run ló rán an. Kò sì lè búra pé Òun kọ́.

Ó gbé ọwọ́ lé etí bónẹ́ẹ̀tì. "Mo jẹ́rìí. Káàmù kan ni."

"Kí ló wá wà nínú iké kejì?"

"Gàrí ni."

"Kí ni?"

"Àpò rẹ̀ ni, Màmá. Wọn ò gbọ̀n ọ́n dáadáa."

Ó fi sípánà tú nọ́ọ̀tì mẹ́rin, ó ṣí ìdérí. Èéfín rú, òórùn gàrí tó ń jóná gba ojú ọ̀nà kan.

"Ẹ bu omi sí i!" ni ọlọ́kadà kan kígbe. "Kìnnìún ti sè é jinná!"

"Ti Ìjẹ̀bú ni àbí ti Ọ̀yọ́?"

"Alága ẹgbẹ́ ẹlẹ́gàrí ni kí wọ́n fi í ṣe!" ni Ọláoyè wí, ó ti mú ikùn rẹ̀ dání.

Toheebat dá ìwé padà. Ó gbìyànjú kí ó má rẹ́rìn-ín, kò rí i ṣe. "Ẹ máa lọ, Bàbá. Gàrí ilẹ̀ wa kì í sanwó ẹnubodè."

Olóyè kò dé ibi ìpàdé mọ́. Ó yí orí ọkọ̀ padà sí Ìlárò, ó fa fìlà bo iwájú orí, kò fọn hóònù sí ẹnikẹ́ni.

"Dàpọ̀."

"Bàbá."

"Kí ọ̀rọ̀ yìí má dé ilé kí àwa tó dé o."

Ìbídàpọ̀ wo iwájú. Ọ̀kadà méje ń sá lọ sí Ìlárò kíjokíjo, àwọn tó gùn wọ́n ń bojú wẹ̀yìn, wọ́n ń fi ọwọ́ ṣe iké méjì lórí. Olóyè tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ títí, ọkọ̀ kàn ń gbin ni.

"Bàbá, ká tó lè ṣáájú èyí dé Ìlárò," ni Ìbídàpọ̀ wí, "àfi ká ra oníkáàmù méjì."