Bàbá Àtúnṣe Fi Fèrè Mẹ́ta Kún Orin Òkú

Ìwà burúkú ni Bàbá Àtúnṣe hù, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín fọ̀ ọ́ mọ́. Ó mú orin tí òkú kọ sílẹ̀, òkú tí kò lè dìde wá bá a jiyàn, ó sì ti fèrè onírin ńlá mẹ́ta bọ̀ ọ́ nínú, níbi tí olóògbé ti kọ ọ́ gàdàgbà pé: "Fèrè kékeré nìkan. Jẹ́jẹ́."

Jẹ́jẹ́ kẹ̀!

Olùdarí ẹgbẹ́ olórin ni Bàbá Àtúnṣe. Òun ló ń dúró sórí àpótí, tó ń ju ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ láfẹ́fẹ́, tí ogójì ènìyàn ń fi fayolíìnì, fèrè àti ìlù tẹ̀ lé ọwọ́ rẹ̀. Àwọn olórin ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, nítorí kò sí ohun tó lè rí kó má tún un ṣe. Nígbà tí àlùfáà ń so òun àti ìyàwó rẹ̀ pọ̀, ó dá àlùfáà dúró pé àdúrà yẹn ì bá dùn sí i tó bá gùn díẹ̀.

Ẹni tó ń fun fèrè kékeré náà ni ọ̀rọ̀ yìí dùn jù. Láti ọjọ́ tí Afunfèrè ti wọlé ọkọ ni ìyá ọkọ rẹ̀ ti ń fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyàwó ọmọ mi? Ó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú páìpù. Àwọn kan á sì sanwó wá wò ó!" Níkẹyìn, ìyá gbà láti wá fetí ara rẹ̀ gbọ́. Ibì kan wà nínú orin náà tí fèrè ti ń dá kọ, bí ìgbà tí ilẹ̀ ń mọ́ díẹ̀díẹ̀. Ibẹ̀ nìkan ni Afunfèrè ní láti fi dá ara rẹ̀ láre.

Ibẹ̀ náà ni Bàbá Àtúnṣe lọ fọwọ́ bà.

"Ẹ dákun sà, èmi nìkan ni olóògbé kọ síbẹ̀."

"Àánú ẹ ló ṣe mí. Ìwọ nìkan, bí ẹni tí wọ́n gbàgbé sí ibùdókọ̀! Ká ní olóògbé wà láyé ni, òun gan-an á fi kún un."

"Ó bá yín sọ ọ́ ni?"

"Lójú àlá."

"Ẹ bá mi sọ fún un kó yà lọ́dọ̀ mi náà."

Bàbá Àtúnṣe kó àwọn tó ń fun fèrè onírin ńlá mẹ́ta náà, fèrè àfàgùn, wá síwájú pátápátá, sábẹ́ imú ara rẹ̀, kí ohùn wọn lè máa gbá àwọn èèyàn láyà. Fèrè àfàgùn yìí, irin rẹ̀ máa ń yọ síwájú, á tún padà sẹ́yìn. Bí ohùn bá ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ni irin ń gùn. Ọ̀gá àwọn tó ń fun ún, tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ nítorí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó lè gba búrẹ́dì méjì lódidi, figbe ta:

"Ọ̀gá, àyè ò gbà mí! Irin yìí á kàn yín."

"Fà á díẹ̀."

"Ohùn ìsàlẹ̀ ò sí níbi díẹ̀, sà!"

"Máa fun ún, jàre!"

Ọjọ́ pé. Gbọ̀ngàn kún. Ìyá ọkọ jókòó sí ìlà iwájú, ó gbé báàgì lé itan. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Afunfèrè gbé fèrè sẹ́nu.

Fíìììì...

BÙÙÙÙÙÙÙ!

Ògiri mì. Ọmọ kan bú sẹ́kún. Ìyá tẹ́tí títí, ó nàró: "Ìyàwó! Ṣé o ti bẹ̀rẹ̀ ni?"

Fíììì...

BÙÙÙÙÙ!

"Mi ò gbọ́ ẹ o!"

Omijé bo ojú Afunfèrè, àmọ́ kò gbé fèrè kúrò lẹ́nu. Inú Bàbá Àtúnṣe ní tirẹ̀ ń dùn dé gongo. Ó tẹ̀ síwájú lórí àpótí, ó ń fi ọ̀pá tọ́ka sí Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́: sí i! sí i! Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ dijú, ó dé ibi ohùn ìsàlẹ̀, ó na irin tán.

Irin wọ abẹ́ wíìgì.

Ta ló mọ̀ pé wíìgì ni? Ó ti pẹ́ tí gbogbo wọn ti ń yin irun náà! Irin padà sẹ́yìn, wíìgì bá a lọ. Orí Bàbá Àtúnṣe yọ síta, ó ń dán gbinrin bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Irin jáde, wíìgì jáde. Irin wọlé, wíìgì wọlé. Wíìgì lọ, wíìgì bọ̀! Ẹ̀rín ń pa mí! Bàbá Àtúnṣe fọwọ́ já a, ọwọ́ bá òfo. Ó tún já a, ọwọ́ tún bá òfo.

Ẹ má gbàgbé pé ọwọ́ yìí ni ogójì ènìyàn ń wò.

"Ọ̀gá ní ká yára!" ni onífayolíìnì kan sọ fún ẹnìkejì rẹ̀.

Ó di eré! Bí bàbá ṣe ń ju ọwọ́ kiri, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń yára. Ó nawọ́ sókè, ohùn wọn lọ sókè. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá orí mú, onílù rò pé òun ló kàn:

GBÀÀÀM!

Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ ta gìrì, irin rẹ̀ ju wíìgì nù. Wíìgì fò, fììì, ó bà lé ìyá nítan.

"Ológbò! Ológbò o!" Ìyá bọ́ bàtà, ó fi bo wíìgì: pá! pá! pá!

Gbogbo orin dákẹ́, àfi ẹyọ kan. Afunfèrè kò rí nǹkan kan; omijé ò jẹ́. Ibi tí òkú ní kó parí sí ló ṣì ń lọ. Ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ náà ń wọ inú gbọ̀ngàn bí ìmọ́lẹ̀ tó gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Bàtà ìyá dúró lókè. Kò sọ ọ́ kalẹ̀ títí fèrè fi dákẹ́.

"Háà," ló ní. "Páìpù náà nìyẹn?"

Ó dìde, ó di wíìgì mú ní ìrù.

"Ìwọ apárí yìí! Ohun tó dùn báyìí lo lọ da ariwo lé lórí? O ò ní rí ológbò rẹ gbà, àfi tí o bá bẹ òkú, tí o bẹ ìyàwó mi, lójú gbogbo ayé. 'Mo jẹ̀bi, ẹ forí jì mí.' Má fi nǹkan kan kún un o!"

Bàbá Àtúnṣe kọjú sí àwọn ènìyàn, ọwọ́ rẹ̀ kan bo orí.

"Ẹ̀yin ènìyàn, mo jẹ̀bi. Mo ṣẹ olóògbé, mo ṣẹ afunfèrè. Ẹ forí jì mí."

Ìyá na wíìgì sí i. Bàbá Àtúnṣe nawọ́ láti gbà á, ọwọ́ náà dúró lágbedeméjì. Ó yíjú wo ẹ̀yìn.

"'Ẹ forí jì mí' yẹn," ló ní, "ṣé kò fẹ́lẹ́ jù? Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́, bá mi gbè é!

"Ẹ fo-rí..."

BÙÙÙÙÙÙÙ!